Bisikíìtì Pupa Ilé Jethro

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Jethro ní Ìkọ̀yà, ẹ̀rín ni wọn yóò kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó rántí ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù epo ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Jethro ti ṣe kúùkù fún àwọn òyìnbó agégẹdú nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà wálé wá ṣe epo pupa, ó ti mọ bisikíìtì yan dáadáa, ó sì mọ ẹnu rẹ̀ lò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tó ti gbé Agatha níyàwó ló ti sọ ọ́ di òfin pé bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, gbogbo ilé ni yóò jọ yan bisikíìtì. Agatha á po fúláwà, Rose, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, á fi ẹnu ife gé e róbótó-róbótó, Jethro á sì máa pàṣẹ bí ọ̀gá sójà.

Lọ́dún 1963, òjò ti wó ààrò amọ̀ wọn. Jethro wá gbé dúrọ́ọ̀mù kan tó ti fi ń gbé epo fún ọdún pípẹ́, ó la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e ka orí òkúta.

"Bàbá Rose, ẹ ò ní fọ epo inú rẹ̀ dànù ná?" Agatha béèrè.

"Iná á fọ̀ ọ́."

Iná ràn, dúrọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Epo ń kán tó-tó-tó sórí bisikíìtì, èéfín dúdú sì bo gbogbo àdúgbò. Àlàájì Rùfáì, oníṣòwò aṣọ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, gbé garawa omi, ó sáré dé. Jethro na apá rẹ̀ méjèèjì, ó dí ẹnu ààrò.

"Àlàájì, ẹ dákun, ẹ má da omi sí i! Ó ku díẹ̀ kó jinná!"

"Jethro, ilé rẹ ń jó!"

"Ilé kọ́, Àlàájì, oúnjẹ ni!"

Nígbà tí wọ́n kó bisikíìtì náà jáde, ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Jethro mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́, ó di ojú.

"Ẹ ò mọ̀ ni," ó wí. "Èyí gan-an ni àwọn ọ̀gá òyìnbó ń jẹ. Funfun tí ẹ mọ̀ yẹn, àwọn akọ̀wé wọn ni wọ́n ń ṣe é fún."

Láti ọdún náà lọ, nígbà tí dúrọ́ọ̀mù kò tiẹ̀ lépo nínú mọ́, Jethro fúnra rẹ̀ á bu epo ṣíbí kan sínú fúláwà, kí ẹnikẹ́ni má baà pe ìdílé òun ní akọ̀wé.

Jethro kò ní aago. Orin ìyìn ló fi ń mọ̀ bóyá bisikíìtì ti jinná. Bó bá ti gbé e sórí iná, á dá orin, Agatha àti Rose á gbè é, bí ẹsẹ ìkẹyìn bá sì ti parí, á ní kí wọ́n ṣí i. Lọ́dún kan, òun àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láàárín orin nítorí pé ọ̀kan ní àwọn ti kọ ẹsẹ kẹta, èkejì ní àwọn kò tíì kọ ọ́. Jethro ní kí wọ́n kúkú bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èédú ni wọ́n bá nínú ààrò.

"Ìwọ lo fa ohùn jù," Jethro wí fún Agatha. Rose rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí fúláwà.

Ìgbà ogun abẹ́lé, fúláwà wọ́n. Jethro ní òfin kì í ṣe ti fúláwà, ó ní kí wọ́n gún púpurú, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì yan gbẹ lórí iná, kó kúnná kí wọ́n fi ṣe é. Ohun tó jáde nínú ààrò le ju bó ti yẹ lọ, síbẹ̀ Jethro gbé àwo kan fún Àlàájì Rùfáì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ lọ́dọọdún. Àlàájì gé e jẹ, ó dún kà! Ó tu nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́.

"Jethro, eyín mi nìyí o."

Jethro mú eyín náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Àlàájì, èyí ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Bisikíìtì kàn sìn ín dé ọ̀nà ni."

Àlàájì gan-an ló wá ń ròyìn rẹ̀ káàkiri, tí á máa la ẹnu kí wọ́n lè rí àlàfo náà.

Kò sẹ́ni tó borí Jethro nínú àríyànjiyàn rí. Katikíìsì kò borí rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé kò borí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wu Rose pé kí òun borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Lọ́dún 1970 ni ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó ti di tíṣà n'Ibadan nígbà náà, ó sì gbé agolo bisikíìtì ńlá wálé fún Kérésìmesì, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí lára.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sinmi," ó wí. "Kí la ń jẹ èéfín sí lọ́dọọdún? Ẹ wo èyí, ó mọ́ tónítóní. Ká sòótọ́, ojú máa ń tì mí láti gbé pupa yẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi."

Agatha rọra gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń retí ìjà. Jethro wo agolo náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ó dáa, ọmọ mi," ó wí.

Ó jẹ méjì nínú rẹ̀, ó ní ó dùn, ó dúpẹ́, ó sì gbọn èérún rẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Wọn kò dáná lọ́dún náà. Rose padà sí Ibadan tayọ̀tayọ̀, ó ń sọ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ti borí bàbá òun.

Nígbà tí ọyẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì, àìsàn díẹ̀ gbé Jethro dálẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Kérésìmesì tó tẹ̀lé e, Rose ra fúláwà wálé. Òun àti ìyá rẹ̀ ha ìpáàrà ara dúrọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n dáná, wọ́n gé bisikíìtì, wọ́n sì jókòó tì í. Ó ṣe díẹ̀, Rose ní:

"Ìyé, ó ń dùn mí. Ǹ bá má ti gbé agolo yẹn wálé."

Agatha ti igi síná. "Bàbá rẹ ò bínú. Ó ń múra ni."

"Ó ń múra kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ọ sọ ní Kérésìmesì yìí ni. Ó ní o bá òun lójijì lọ́jọ́sí ni òun ò fi rí èsì fọ̀. Gbogbo ọdún ló fi ń to ọ̀rọ̀ náà. Bá a bá jókòó sídìí epo, á ní kí n ṣe bí ẹni pé èmi ni ìwọ. Èmi á máa yin bisikíìtì alágolo, òun á máa dá mi lóhùn. Mo ní, 'Bàbá, ó mọ́ tónítóní.' Ó ní, 'Ta ló bá ọ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń yan án?'"

Rose bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, kó tó di pé omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ta ló máa ń borí?"

"Òun ni. Mo máa ń jẹ́ kó borí. Á wá dìde, á máa yan fanda káàkiri àgbàlá."

Rose fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, fúláwà sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ìyé," ó wí, "èmi náà ì bá jẹ́ kó borí."