Sálúbàtà Ẹsẹ̀ Kan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Bajulaiye, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé jíjókòó ti kọ̀ǹpútà ni o! Orí ìdúró ló máa ń wà láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pa ẹ́ńjìnnì.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà ta lẹ bọ́ ìkejì sí?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà là ń bọ́ bàtà sí ká tó wọ yàrá onílé. Ọkùnrin tó bá fi tiẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní ohun tó ń sá fún. Bàbá ní òun ò mọ ìgbà tó bọ́. Ta ló fẹ́ gba irú ẹ̀ gbọ́? Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lọ́nà Fádèyí, ọ̀rọ̀ náà bí Ìyá nínú. Òun ló máa ń fi kànìnkànìn fọ ẹsẹ̀ fún un nírọ̀lẹ́. Ó ní kí obìnrin tó ń fẹ́ níta lọ máa fọ̀ ọ́.

Bàbá ti máa ń sọ pé ó ń ṣe òun bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú ẹsẹ̀ òun, pé nígbà mìíràn ó dà bíi pé orí òwú lòun ń tẹ̀. A rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àánú ẹ̀ ṣe mí, mo gbé omi lọ fọ ẹsẹ̀ fún un. Yéè! Ìṣó ni mo bá ní àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, ó ti wọlé ṣinṣin, ojú ibẹ̀ sì ti ń rà. Mo figbe ta. Bàbá ń wò mí.

"Kí ló dé?"

Kò mọ nǹkan kan lára. Ìyá wo ẹsẹ̀ yẹn, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ti ba àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ jẹ́. Nǹkan gún ẹsẹ̀, ìròyìn ò dé orí. Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n gé e láti ọrùn ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà títí tó fi kú, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan ni Ìyá ń tò fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Ayé ti yí padà. Ní ilé ìwòsàn Ladi-Lak níbí, ẹ̀jẹ̀ bíńtín ni wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ yẹn ṣì ń dùn mí. Bí àgbà yín bá ní òun ò mọ ìgbà tí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á gbọ́.