Ẹní Tí Mo Kọ́kọ́ Bèèrè

Àwọn tí wọ́n dá ẹjọ́ mi ti lọ sí ọ̀run, Ọlọ́run kí ó dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ikú adájọ́ kì í sọ ẹ̀bi di àre. Mo kọ èyí kí ẹni tí ó bá kà á lè tún ẹjọ́ náà dá.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Sítáńdáàdì Kẹta ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú, tí ilé-ìwé sì parí fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣòwò Yorùbá tí ó wà ní Tàmálè, ní ilẹ̀ Gánà, dá ilé-ìwé kékeré kan sílẹ̀ ní Sóńgò, àdúgbò àwọn àlejò, kò sí ẹni tí ó fẹ́ bá wọn kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ṣì ń sunkún ìyá wọn. Èmi ni wọ́n fún, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ń pa àlọ́ fún wọn, a ń fi kóró ẹ̀pà kọ́ ìṣirò, a sì ń jẹ ìdáhùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe wà tí òfin tuntun fi dé. Wọ́n ní òyìnbó alábẹ̀wò yóò máa wá dán gbogbo kíláàsì wò lọ́dọọdún, yóò sì máa fún wọn ní máàkì. Ní ti àwọn ọmọ kékeré, ìmọ́tótó ni máàkì tó pọ̀ jù wà fún: èékánná, etí, eyín àti aṣọ. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, ọmọ etíkun kan tí ó máa ń bá wa sọ Haúsá, sọ fún mi láìfi bò pé bí kíláàsì mi bá kùnà, èmi ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Láti ọjọ́ náà, àlọ́ tán. Ábídí náà di ohun tí a ń kà bí ààyè bá yọ. Àwọn tí ń ti Kanvili fi ẹsẹ̀ rìn wá, ẹsẹ̀ wọn ni mo ń kọ́kọ́ fọ̀. Mo ní ọmọ kan tí kò mọ A yàtọ̀ sí igi àká, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń dán bí àwo tanganran.

Ilẹ̀ kíláàsì wa nìkan ni ó ń bà mí lẹ́rù. Erùpẹ̀ pupa ni, ọyẹ́ sì ti sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú. Mo lọ sí ìpàdé àwọn àgbà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa ra ẹní tí a ó tẹ́ sí i. Baba tí ó jẹ́ olórí àwọn Yorùbá, tí ó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, wò mí tìyanu-tìyanu.

“Ẹní? Ṣé ilé-ìwé la dá sílẹ̀ ni àbí ilé oorun?”

Àgbà kan bèèrè bóyá n kò ní í fẹ́ ìrọ̀rí pẹ̀lú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo sì gbé ẹ̀rín wọn lọ sílé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Aṣọ funfun ni gbogbo àwọn ọmọ wọ̀, wọ́n mọ́ bí ẹyin. Òyìnbó fi ẹsẹ̀ kan wọlé, ẹ̀kọ́ ilé sì mú àwọn ọmọ Yorùbá: gbogbo ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, wọ́n ní ẹ káàbọ̀, sà. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í dìde bí àgbà kò bá tíì dáhùn. Òyìnbó kò mọ̀ pé òun ni a ń retí. Ó bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀gá ní wọ́n ń kí i ni. Ó bèèrè ìgbà tí ìkíni náà máa ń parí.

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n pupa láti iwájú orí dé orúnkún. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n kúnlẹ̀ sàn díẹ̀. Mo yí àwọn ọmọ padà, mo bẹ òyìnbó kí ó wo ẹ̀yìn wọn, nítorí ẹ̀yìn wọn kò ní àbàwọ́n kankan. Ó ní iwájú ni òun wá wò. A kùnà.

Baba bá mi wí gidigidi. Ó fún mi ní ọdún kan sí i: kí àwọn ọmọ yege, tàbí kí n wábi gbà.

Mo ri òpó kan mọ́lẹ̀, mo fi àketè dé e lórí bíi ti òyìnbó, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ láti má dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyá Dàgọ́ḿbà kan, ọmọ onílẹ̀, tí ń ta kókó, ẹ̀kọ mímu ibẹ̀, lójú ọ̀nà bèèrè irú ẹ̀ṣẹ̀ tí òpó náà ṣẹ̀ wá. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà kò mọ bí a ti ń tẹ̀ mọ́.

Òyìnbó padà wá. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé Baba yóò tẹ̀lé e wọlé. Àwọn ọmọ dúró gbọnrangandan. “Gúdù mọ́nìn, sà,” ni wọ́n wí fún òyìnbó. “Gúdù mọ́nìn, sà,” ni wọ́n wí fún Baba, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì wà níwájú wọn. Baba dúró, ó ń retí. Ó wo ilẹ̀ níwájú ara rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sọnù síbẹ̀.

Òyìnbó fún wa ní gbogbo máàkì. Kí oòrùn tó wọ̀, Baba ti lé mi.

Lẹ́yìn ìrun Láásárì ọjọ́ kejì, mo wọ agbádá funfun mi, mo lọ bẹ̀bẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, níbi tí àwọn àgbà jókòó sí. Mo ní ṣebí àwọn ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ yege.

“Kí wọ́n yege ni mo wí,” ni Baba fèsì. “N kò ní kí wọ́n di igi.”

Mo dọ̀bálẹ̀. Baba kò dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kan ná aṣọ lórí mi, wọ́n ná an dé ibi tí ó wù wọ́n, obì sì gba orí mi kọjá. Nígbà tí ó ṣe, ó bojú wolẹ̀.

“Dìde, tíṣà ìmọ́tótó. Wo àyà aṣọ ẹ.”

Mo wò ó. Ó pupa.

Baba wá kọjú sí àwọn àgbà, ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, kí àwọn ọmọ padà sídìí ìdọ̀bálẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kí a wá ẹní tẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Àgbà tí ó bi mí léèrè ìrọ̀rí wá mi orí, ó ní irú làákàyè báyìí ṣọ̀wọ́n. Mo la ẹnu pé kí n sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ bèèrè ẹní, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kí Ọlọ́run fi kún ọgbọ́n yín, Baba,” ni ó wí, gbogbo wọn sì ṣe àmín.

Èmi náà ṣe àmín, nítorí iṣẹ́ mi wà lábẹ́ àdúrà náà. Àmín yẹn ni mo ń gbà padà lónìí.