Amọ̀ Etí Ìró Mi

Nígbà tí mo lóyún ọmọbìnrin mi, amọ̀ gbígbẹ lọkàn mi ń fà sí. Màmá, ìyá ọkọ mi, ní aràn ló máa kó sí mi nínú, wọ́n sì ń gba gbogbo èyí tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ mi. Mo ní mo ti jáwọ́. Irọ́ ni, etí ìró mi ni mò ń dì í sí.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni àbúrò ọkọ mi wálé láti yunifásítì. Mo jù ú lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n "ọkọ mi" ni mò ń pè é, ó ti wà nílé kí n tó dé. Bàbá wọn fẹ́ kó fi ìwé sílẹ̀, kó lọ máa bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó fẹ́ mi tajà ní Àbíjàn. Wọ́n ní òkúta ojú ọ̀run tó ń kọ́ nípa ẹ̀, ta ló máa rà á? Wọ́n ní kó fi ohun tó ń kọ́ han àwọn lọ́sẹ̀ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó di ẹrù ẹ̀.

Ó gbé kámẹ́rà kékeré tí olùkọ́ ẹ̀ yá a wá sí pálọ̀. Ó ní ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú wa ò rí, tí kámẹ́rà yẹn ń rí. Òkúta kọ̀ọ̀kan ń gbé ìpín tiẹ̀ mì nínú ìmọ́lẹ̀ náà, ohun tó bá gbé mì ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ló ń yí ìràwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní Máàsì ká, tó ń ya ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ti rí amọ̀ níbẹ̀, ìyẹn ni pé omi ti wà níbẹ̀ rí.

Bàbá ní kó fi ti amọ̀ han àwọn.

Yanrìn tó kó ní Máṣífà àti òkúta pupa tó ṣà lọ́nà ìlú Ara wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n òjò àná ti rin gbogbo amọ̀ àgbàlá, amọ̀ tútù á sì da àwòrán náà rú. Bàbá ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà wọn.

Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo tú etí ìró mi lójú Màmá, mo gbé amọ̀ náà sórí tábìlì. Ojú eyín mi ṣì wà lára ẹ̀.

Ó ya gbogbo wọn, àwòrán náà sì jáde lórí fóònù ẹ̀. Yanrìn àti òkúta mọ́lẹ̀, amọ̀ mi nìkan ló dúdú. Ó fi àwòrán Máàsì tì í, ibi tó dúdú bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wo fóònù náà.

Màmá ò wo fóònù. Wọ́n fọ́ díẹ̀ lára amọ̀ náà, wọ́n tọ́ ọ wò.

"Yanrìn ti pọ̀ jù nínú èyí," ni wọ́n wí fún mi. "Èyí tí mo jẹ nígbà oyún ọkọ rẹ yìí, ti ìlú Ìsùndùnrìn ni. Ó kúnná ju báyìí lọ."

Bàbá yíjú sí wọn. Ó hàn pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn.

"Ṣé ìwọ lo ti ń fi iṣẹ́ yìí bọ́ ọ látinú oyún? Ta ló wá máa gbà á lẹ́nu ẹ̀ báyìí? Kó padà síbi ìwé ẹ̀."

Màmá gba ìyókù amọ̀ mi. Títí dòní, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n dà á sí.