Píìnì Pupa Lórí Máàpù Ọ̀gá

Òórùn ọ̀dà tuntun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ẹ̀rúnmú, ìlú wa. Kì í ṣe òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, kì í ṣe ti kòkó tí wọ́n sá sétí títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀dà ni, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí Ọ̀gá fi kun ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò wọn, nígbà tí kò tíì sí mọ́tò kankan tí yóò wọ ibẹ̀. Ọ̀gá ni olórí ilé-ìwé ìjọ tó kọ́ mi láti kékeré. Wọ́n ti fẹ̀yìntì nígbà tí mò ń wí yìí, ìyẹn ní àwọn ọdún tó tẹ̀lé 1990.

Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Bẹ́líjíọ̀mù, lẹ́tà rẹ̀ ló sì dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní òun ti ra mọ́tò fún bàbá òun, kì í ṣe tòkúnbọ̀ o, tuntun tí ìdí ẹnikẹ́ni kò tíì kan ìjókòó rẹ̀ rí. Ó ní òun ti fi sínú ọkọ̀ òkun kan tó ga bí ilé alájà mẹ́wàá, tí kì í kó nǹkan mìíràn ju mọ́tò lọ. Ó kọ orúkọ ọkọ̀ òkun náà gàdàgbà sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ka lẹ́tà yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kà á níbi ìpàdé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, wọ́n sì kà á fún ọkùnrin tó wá tún òrùlé wọn ṣe, ẹni tí kò bi wọ́n ní nǹkan kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọdé fi ń kí wọn ní "Bàbá Onímọ́tò". Wọ́n sì ń dáhùn.

Èmi ni wọ́n fi ṣe aṣọ́nà ọkọ̀ òkun. Mo ti jáde yunifásítì, mò ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan lápá Akínyẹlé, níbi tí ìwé ìròyìn ti ń dé lójoojúmọ́. Ọ̀kan nínú wọn máa ń tẹ orúkọ àwọn ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń retí ní Àpápá sí ojú ìwé kan lápá ẹ̀yìn, wínníwínní bí eèrà. Gbogbo Sátidé tí mo bá wálé, Ọ̀gá á ti dúró níwájú máàpù Áfíríkà tí wọ́n gbé kúrò ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìntì, píìnì olórí pupa á wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọ̀mọ̀wé, ibo ló dé?"

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ìwé yẹn kì í sọ ibi tí ọkọ̀ kankan dé lójú òkun. Ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀ nìkan ló máa ń sọ, orúkọ ọkọ̀ tiwa kò sì tíì jáde níbẹ̀ rárá. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà bá mi wò ó: ẹni tó fi pàṣán lù mí nítorí tí n kò mọ ìlọ́po méje ló ń pè mí ní ọ̀mọ̀wé, ìyàwó rẹ̀ sì gbé mọ́ínmọ́ín gbígbóná kalẹ̀ síwájú mi. Mo tẹjú mọ́ máàpù bí ẹni tó mọ nǹkan. Mo ní, "Ó ti kọjá Dàkárì, sà." Wọ́n fi píìnì gún un.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo gbé ọkọ̀ náà dé Mọnróvíà. Lẹ́yìn ìyẹn, Àbíjáànì. Tí mo bá padà síbi iṣẹ́, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á máa fi bàbá arúgbó tó kọ́lé fún mọ́tò tí kò tíì fojú rí ṣe yẹ̀yẹ́, a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé èmi tí mò ń wa ọkọ̀ òkun lórí ògiri ni wọn ì bá kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín.

Àtọ̀gbẹ ń bá ìyàwó Ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fínra. Kùkùté kan ti ya wọ́n lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, egbò náà kò sì jinná. Ní àárọ̀ Sátidé kan, nọ́ọ̀sì ìlú tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la."

Awakọ̀ tó máa ń kó ata àti tòmáàtì lọ ọjà Ṣáṣá ti gbọ́. Ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá síwájú ilé. "Ọ̀gá, mo ti fọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo ti tẹ́ fóòmù síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ìyàwó mi kì í ṣe ata," ni Ọ̀gá wí.

"Ata gan-an, a kì í jẹ́ kó rà ká tó gbé e, Ọ̀gá."

Màmá dá sí i láti orí àga: "Ẹsẹ̀ tèmi ò mọ ìyàtọ̀ tuntun sí tòkúnbọ̀ o. Ẹ gbé mi sínú èyí tó bá wà nílẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yíjú sí mi, wọ́n nawọ́ sí píìnì tó wà ní Lomé. "Ọjọ́ wo ló máa gúnlẹ̀?"

"Ọjọ́bọ̀, sà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Nọ́ọ̀sì ń wò mí. Awakọ̀ ń wò mí. Mo ní, "Ó dá mi lójú, sà."

"Ó parí," ni Ọ̀gá wí. "Mọ́tò tirẹ̀ ló máa gbé e lọ. Òun ló máa kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀." N kò fẹ́ kí o rò pé ìgbéraga lásán ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn lọ ṣọ́ọ̀ṣì, nínú oòrùn, nínú òjò, láìráhùn.

Ní ọjọ́ Ajé, orúkọ ọkọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀ ṣì ku ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ẹ̀gbẹ́dá kò wọ́n, mo sì lè ti ibẹ̀ dé Ẹ̀rúnmú kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo sọ fún ara mi pé nọ́ọ̀sì á ti fi agídí gbé wọn lọ. Mo ká ìwé ìròyìn náà, mo dúró di Sátidé.

Kí n tó wọlé ni òórùn ti pàdé mi, ọ̀dà tuntun kò lè bò ó mọ́. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀gá wò mí. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Wọ́n ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú ni, sà." Ọ̀gá fi síńgílẹ́ẹ̀tì sáré gba ojú títì lọ sọ́dọ̀ awakọ̀ náà, tó ti ń di ẹrù. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kalẹ̀, a gbé Màmá sáàárín èyí tó kù. Ọ̀gá gbé orí wọn lé itan, omi tòmáàtì ń ṣàn sí wọn ní ṣòkòtò títí a fi dé Ìbàdàn. Dókítà gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún. Màmá kò lò tó ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀.

Mọ́tò náà dé. Tuntun ni lóòótọ́. Ọ̀gá tì í mọ́nú ilé aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn ọkọ̀ tòmáàtì ni wọ́n sì ń jókòó sí títí wọ́n fi kú. Wọn kò tú ọ̀rá kúrò lára ìjókòó mọ́tò náà. Níbi ìsìnkú Màmá, Ọ̀gá dì mí lọ́wọ́ mú. "Má dá ara rẹ lẹ́bi. Òkun ló ṣe é." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Láti ìgbà náà, mo ti di òǹkọ̀wé, mo sì ti fi kálàmù mi bọ́ aṣọ lára olóyè, pásítọ̀ àti ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ènìyàn sì ń yìn mí pé n kì í fi ẹnikẹ́ni bò.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi tó ń bá àwọn oníṣòwò mọ́tò ṣiṣẹ́ fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọkọ̀ òkun kan ló ń ṣọ́, mọ́tò tuntun tó ń lo iná mànàmáná ló kó, ó sì ń rìn lórí omi bí àmì pupa kékeré. Lójijì, àmì náà pòórá.

"Ibo ló wà báyìí?" ni mo bi í.

"Mi ò mọ̀, Dádì," ló wí, ó sì bu ẹ̀pà sẹ́nu.

Kò tì í lójú rárá. Mo dìde, mo lọ dúró lẹ́yìnkùlé. Ká ní mo ti sọ pé n kò mọ̀ níwájú máàpù láàárọ̀ Sátidé yẹn ni, Màmá ì bá ti dé Ìbàdàn kí aago mẹ́wàá tó lù, lórí fóòmù, láàárín apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì.