Bàbá Ẹ-Dákẹ́ àti Àgbà Etí

Ẹni tó bá ń wá ìjà Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, kó kàn lu ṣíbí mọ́ abọ́ nígbà tí orin bá ń lọ nínú pálọ̀ wọn. Wọn ò ní pariwo. Wọ́n á kàn gbé ọwọ́ kan sókè, wọ́n á ní, "Ẹ dákẹ́ ná." Èmi ni mo sọ wọ́n ní Bàbá Ẹ-Dákẹ́. Orúkọ náà mọ́ wọn lára débi pé Àǹtí, ìyàwó wọn, máa ń fi pè wọ́n lọ́jọ́ tí inú wọn bá dùn síra.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé látìgbà tí mo ti ríṣẹ́. Lífítì ni Bàbá Kékeré ń tún ṣe, àwọn àpótí tó ń gbé èèyàn gun òkè ilé gíga. Etí ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́ kí sípánà tó dé ọwọ́ wọn. Wọ́n á wọ inú lífítì, wọ́n á dijú, á gbé wọn lọ sókè, á gbé wọn padà wálẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, wọ́n á ní wáyà tó wà lápá òsì ti ń kérora. Wọn kì í sábà ṣì í.

Tí wọ́n bá wálé, orin ló kù. Orin náà kò tó fún wọn o, àfi kí wọ́n ka ìwé sí i. Ìwé ìròyìn oṣooṣù kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ orin nìkan ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, bébà rẹ̀ ń dán bí orí apárí. Bàbá Kékeré ti to ti àtẹ̀yìnwá jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì títí ìwé náà fi fẹ́ ga tó fìríìjì. Wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á ka ìpínrọ̀ kan, wọ́n á fi ìka há ojú ìwé, wọ́n á wá gbójú sókè àjà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn náà gbọ́ ohun tí ìwé ní kí àwọn gbọ́. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú àwọn òǹkọ̀wé ibẹ̀ ń pe ara rẹ̀ ní Àgbà Etí. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Bàbá Kékeré kì í pè é ní "ó" láyé. "Wọ́n" ni. "Wọ́n ní àwọn gbọ́ èémí olórin yìí kó tó bẹ̀rẹ̀." Èmi náà á ní mo gbọ́ ìgbà tí olórin ń bọ́ bàtà. Ikùn wọn á máa mì fún ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ọwọ́ á tún gòkè.

Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń nu àga kejì dè. Ayàwòrán ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù níbi kọ́nà àdúgbò wa, Fótò ni gbogbo èèyàn ń pè é. Tẹ́lẹ̀, "wọ́n" ni mò ń lò fún òun náà, nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ló máa ń wá. Á pe Bàbá Kékeré ní Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á pè é ní Àbúrò, àwọn méjèèjì á sì jókòó ti orin láì sọ ju gbólóhùn mélòó kan lọ. Àǹtí ní bí ọkùnrin méjì bá lè panu mọ́ pọ̀ tó báyẹn, wọ́n ti kúrò lọ́rẹ̀ẹ́, wọ́n ti di ìbátan.

Ní oṣù kan, Àgbà Etí kọ̀wé yin anpilifáyà kan, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tín-ín-rín tó sì ń sọ ọ́ di ńlá kó tó dé sípíkà. Wọn kì í tà á ní títò. Inú páálí ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà ní wẹ́wẹ́, ẹni tó bá rà á ni yóò fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fúnra rẹ̀. Fótò ní kí Ẹ̀gbọ́n òun má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Kékeré rà á, ni tábìlì oúnjẹ wa bá di ti páálí. Orí itan la ti ń jẹun. Wọ́n á fi irin gbígbóná kan òjé, èéfín á rú, wọ́n á tẹ orí sílẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Mo bi Àǹtí bóyá ìyàwó tuntun ni wọ́n ń kó wọlé ní wẹ́wẹ́. Àǹtí ní tó bá jẹ́ ìyàwó ni, ì bá ti bá àwọn fọ abọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n tò ó tán, Fótò wà níbẹ̀. Orin jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Bàbá Kékeré wo Fótò. Fótò ní kí wọ́n ní sùúrù, ẹ̀rọ tuntun dà bíi bàtà tuntun, ó ní láti mọ ẹsẹ̀. Àgbà Etí náà ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ jẹ́ kó máa dún, ohùn rẹ̀ ń bọ̀ wá jí. Ohun tí àwọn tó ń ka irú ìwé yẹn gbà gbọ́ ni pé ẹ̀rọ máa ń sùn. Bí a bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀rọ á máa kọrin fún àga lásán. Kò jí. Wọ́n yọ òjé, wọ́n tún un lẹ̀. Ìgbà tí ẹni tó tà á lè gbà á padà ti kọjá lọ.

Níbẹ̀ ni Bàbá Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Bí Àgbà Etí bá gbọ́ ohùn tó mọ́ tí àwọn kò gbọ́, a jẹ́ pé etí àwọn ló ti ń lọ. Wọ́n sọ ọ́ fún Fótò lójú mi, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àìsàn. Fótò fọwọ́ kan èjìká wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ló wí, "etí náà a máa dàgbà."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò dá dijú nínú lífítì mọ́. Wọ́n á pe ẹlẹgbẹ́ wọn kó wá bá wọn gbọ́ ọ. Àǹtí ń bẹ̀rù pé bí ọ̀gá bá gbọ́, wọ́n á ní kí Bàbá Kékeré lọ máa ṣọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù, ibi tí wọ́n ń fi àwọn tí kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ sí. Èmi kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe sí i, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n.

Bàbá Kékeré ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ wò. Olùgbọ́ á kọjú sí ògiri, ẹlòmíràn á wà lẹ́yìn wọn tí yóò máa yí wáyà láti orí ẹ̀rọ kan sí èkejì. Ní Sátidé kan, Bàbá Kékeré àti Fótò kọjú sí ògiri, èmi ni wọ́n ní kí n yí i. Mo fi ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, sí i. Nígbà tó kan tuntun, mo fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń rìn, mi ò fọwọ́ kan wáyà, mo ní, "Tuntun rèé o."

Fótò mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti jí. Ó dà bíi pé ẹnìkan mú olórin náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fún un ní àga, ó ní kó jókòó tì wá."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àfi bí mo ṣe rí Bàbá Kékeré tí wọ́n fọwọ́ bo etí kan, tí wọ́n sì tún fọwọ́ bo èkejì. Nígbà tí Fótò lọ tán, mo sọ fún wọn pé mi ò yí wáyà rárá. Wọ́n dìde, wọ́n fi ìka tọ wáyà náà láti ìdí dé orí.

"Ti àtijọ́ ni mo gbọ́?"

"Òun ni, Bàbá."

"Òun náà ni mo gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Ní ti Fótò, wọ́n ní kí n má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ tu àwọn nínú ni. Lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, Bàbá Kékeré nìkan ló wọ lífítì.

Ìwé ìròyìn dé. Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Kékeré gbé e wá, ìka wọn wà lórí ìlà kan. "Ka ibí fún mi." Àgbà Etí ló kọ ọ́. Ó ní òun tún gbọ́ anpilifáyà inú páálí yẹn, èyí tí òun fi ọwọ́ ara òun tò, nínú pálọ̀ òun, ó sì ti jí: ó dà bíi pé ẹnìkan mú olórin náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fún un ní àga, ó ní kó jókòó tì wá. Ìpolówó páálí náà ló gba odindi ojú ìwé tó kọjú sí i.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, nítorí ẹ̀rọ àtijọ́ ilé wa ni gbogbo ayé ń ka ìyìn rẹ̀ yẹn. Mo wá wo ojú wọn. Mo pa áyọ́ọ̀nù.

Fótò dé ní Sátidé, ó ń fọwọ́ pa ọwọ́. Kò sí orin. Ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí àga rẹ̀. Ó dúró, kò rí ibi jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé pé àwọn tó ń ta páálí ló ń gbé ẹ̀rọ fún òun, pé bí òun bá kọ ọ́ pé kò dára wọn ò ní gbé òmíràn wá, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Bàbá Kékeré jẹ́ kó sọ tán.

"Ṣé o tò ó rí?"

Ó wojú mi bí ẹni pé mo lè ràn án lọ́wọ́. "Tèmi ṣì wà nínú páálí."

"Lọ́jọ́ tí tèmi kọ́kọ́ dún níbí, kí lo gbọ́?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà gbọ́ ni."

"Ìwọ lo sì ní etí a máa dàgbà."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo ti to èébú sílẹ̀ dè é láti àárọ̀, èyí tó dùn àti èyí tó korò. Ọ̀kan ṣoṣo ló jáde. "Àgbà Etí," mo ní, "ó dàbọ̀ o."

Ẹlẹgbẹ́ Bàbá Kékeré níbi iṣẹ́ ti gba anpilifáyà náà, ó fẹ́ tú u wò. Ìwé ìròyìn kò wọ ilé wa mọ́. Àwọn kan rò pé inú Bàbá Kékeré á dùn, ṣebí etí wọn pé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń gbọ́ gbogbo orin wọn látìbẹ̀rẹ̀ ni, láì sí ìwé, kí wọ́n lè mọ èyí tí àwọn gbọ́ fúnra àwọn àti èyí tí Fótò fi sí àwọn létí. Wọ́n á bi mí bí mo bá gbọ́ nǹkan báyìí níbi báyìí. Mi ò fi wọ́n ṣeré níbẹ̀. Bí mi ò bá gbọ́ ọ, mo máa ń ní mi ò gbọ́ ọ.

Sátidé tó kọjá, ẹnìkan fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Kí n tó dìde ni Bàbá Kékeré ti mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé àwọn ò sí nílé, ohùn wọn sì lọ sókè tó èyí tó lè la ilẹ̀kùn kọjá. Mo ṣí i díẹ̀.

"Bàbá Kékeré ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé."

Fótò mi orí, ó yí padà. Nígbà tí mo wọlé, Bàbá Kékeré ti dín orin kù. Wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, títí ó fi dé ìsàlẹ̀.