Wolé-wolé Tó Fẹ́ Sá Lọ Sóko

Ọjọ́ tí mo dá fìlà ìjọba padà ní Òṣogbo, ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá ẹrù gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó sì jù ú sórí òkìtì àwọn fìlà mìíràn bí ẹni ń da èèpo iṣu nù. Mo dúró síbẹ̀. Mo rò pé ó ṣì ku nǹkan tí wọ́n máa sọ. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, ó ti parí o. Ẹ máa lọ sílé." Bí iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ṣe parí nìyẹn.

Dókítà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹ̀kọ àná. Ògbufọ̀ ní ọ̀gá ń béèrè ohun tí mo fẹ́ máa ṣe báyìí. Mo ní oko ni mo ń lọ, lójú ọ̀nà ìlú Ara, níbi tí bàbá mi fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ sí fún mi. Inú òyìnbó dùn. Ó ní èèyàn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ni mí. Èmi náà tẹrí ba bí ẹni tí ìyìn náà tọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, èmi àti ọkọ́ kò rẹ́ rí. Ẹ̀rù ló ń lé mi lọ sóko. Ẹ̀rù àwọn obìnrin Ẹdẹ, ìlú wa, ni.

Wolé-wolé ni mí. Iṣẹ́ wa ni pé ká máa wọ agbo ilé kiri, ká wo ẹ̀yìnkùlé bóyá igbó ti kún un, ká wo ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ká sì wo inú àmù omi. Òyìnbó ní inú omi tó bá dúró pẹ́ ni ẹ̀fọn máa ń yé sí, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà wá bá wa. Bí mo bá fi ahá bu omi, tí mo sì rí tanwíjí, àwọn kòkòrò tíntìntín tí wọ́n máa ń jó nínú omi, mo gbọ́dọ̀ da gbogbo omi náà nù lójú ẹni tó pọn ọ́n. Bí mo bá tún rí i nígbà kejì, kóòtù ni.

Ẹ wá rò ó wò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ti là. Obìnrin kan ti jí lọ sódò Ọ̀ṣun láti ìdájí, ó ti lọ, ó ti bọ̀, ó ti tún lọ, àmù rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Ọkùnrin kan wá yọ pẹ̀lú fìlà pupa àti ṣòkòtò kakí, ó bu omi wò, ó mi orí, ó sì yí àmù dànù. Ṣé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa bu oúnjẹ fún?

Ojo ni mí láti ilẹ̀, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á. Ìwé kejì ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́ ìjọ kí bàbá mi tó ní ó tó. Nígbà tí wọ́n ń la ojú irin gba ìlú wa kọjá, mo bá wọn ru igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú irin náà kọ́kọ́ fọn fèrè, inú oko ẹ̀gẹ́ ni mo bá ara mi, n kò sì mọ bí mo ṣe débẹ̀. N kò padà síbi iṣẹ́ náà mọ́. Ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ wolé-wolé nìyẹn. Mo rò pé àmù kò lè fọn, kò sì lè lé èèyàn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé àmù ní olówó orí tirẹ̀, pé obìnrin ni, àti pé ó ní ẹnu.

Kí n tó wọ agbo ilé kankan, mo máa ń dúró sẹ́yìn ògiri, màá wúkọ́ dáadáa. Àwọn èèyàn ní ọmọlúàbí ni mí, n kì í já wọlé onílé. Mo fẹ́ kí àwọn tó máa bínú ráyè kúrò nílé ni. Nígbà mìíràn, tí mo bá wọlé, n kò ní rí àmù kan ṣoṣo nínú agbo ilé tí èèyàn kún bí èèrà.

"Ẹ̀yin ò kì í mu omi nílé yìí ni?"

"Odò la ti ń mu ún, ọkọ wa."

"Gbogbo yín?"

"Títí kan àwọn ewúrẹ́."

Inú mi á dùn, màá sì kọjá lọ. Ọjọ́ tí òyìnbó bá tẹ̀ lé mi nìkan ni n kò ríbi sá sí.

Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyálé agbo ilé wa. Ìyálé yìí ni àgbà gbogbo àwọn ìyàwó ilé. Wọ́n ti gbé e wọlé kí wọ́n tó bí mi, ó sì máa ń pọ̀n mí nígbà tí ìyá mi bá lọ sí ọjà. Òyìnbó wà lẹ́yìn mi, mo bu omi rẹ̀, tanwíjí wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì sì ni. Mo gbé e dé kóòtù. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀, ó dìde, ó fi ìka tọ́ka sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìjòyè, ọmọ tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn, òun ló wá ń sọ pé omi mi dọ̀tí."

Kóòtù dàrú fún ẹ̀rín. Akódà tó yẹ kó ní kí wọ́n dákẹ́ jókòó sílẹ̀, ó di ikùn mú. Àwọn ìjòyè kìlọ̀ fún ìyálé, wọ́n ní kó máa lọ. Bó ṣe kọjá lára mi, ó rọra sọ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà gbọ́: "Wọn á gba fìlà yẹn lórí rẹ lọ́jọ́ kan. A jọ máa wà nílé ni."

Láti ọjọ́ náà, kò pè mí ní ọkọ mi mọ́. "Ìjọba, ẹ káàárọ̀" ló ń kí mi, á sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi ń lọ sóko. Bí mo ṣe ti Òṣogbo dé, mo sọ fún ìyàwó mi pé kó palẹ̀ mọ́. Ó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú òwú tó ń ká.

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ," ló wí. "Èmi ò lè fi ìsọ̀ mi sílẹ̀ nítorí omi tí mi ò bá yín dà nù."

"Èmi nìkan ni kí n máa gbé ahéré?"

"Ẹ ò lè gbé ilé bàbá yín nítorí obìnrin arúgbó kan, ẹ wá ń bẹ̀rù ahéré. Ta ni á gbọ́ yín tí ẹ bá ń wúkọ́ lóko?"

Mo bínú, mo ra ọkọ́ tuntun. Mo ká ẹní mi, mo dì í. Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí n gbéra ni mo gbọ́ ariwo àwọn obìnrin lẹ́nu ọ̀nà. N kò dúró wo iye wọn. Mo wọ yàrá tí a ń kó iṣu sí, mo lúgọ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀.

"Àgò onílé o!" Ohùn ìyálé ni.

"Àgò yà, ìyá wa," ìyàwó mi dá a lóhùn.

"Ọkọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú yàrá iṣu. Wọ́n ń sá pamọ́."

Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo ṣe fún ìyàwó mi yìí. Mo jáde, mo ń gbọn eruku ṣòkòtò bí ẹni tó ń wá iṣu tí a máa sè. Ìyálé dúró láàárín àwọn ìyàwó ilé, ó da igbá pupa kan dé orí bí fìlà. Ọ̀kan nínú wọn mú ahá lọ́wọ́. Òmíràn, tí oyún rẹ̀ ti tó bí, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí mo ṣe máa ń wúkọ́ gan-an, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ìyálé ní, "Àwa ni wolé-wolé tuntun. Ṣé ilé tiyín mọ́, Ìjọba?"

Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi kì í ṣe ọ̀bùn. Wọ́n wo àárín ilé, wọ́n yìn ín. Wọ́n wo ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ewéko ti ga ju bí ìjọba ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n wá dé ìdí àmù. Ìyálé gba ahá, ó bu omi, ó gbé e síbi tí oòrùn ti ń tàn, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Wọ́n ń jó," ló wí nígbẹ̀yìn.

Mo sún mọ́ ọn. Wọ́n ń jó lóòótọ́. Mo yíjú sí ìyàwó mi, ẹnu mi sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má wo èmi o," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àmù yẹn. Ẹ ní òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ń wo ilé onílé, ẹnikẹ́ni kò yẹ tèmi wò, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé ilé wolé-wolé ni.

Wọ́n yí àmù dànù. Omi náà ṣàn bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Ìyálé jókòó sórí odó tó wà nílẹ̀, ó ní kóòtù ti jókòó. Ẹjọ́ kò pẹ́. Ó ní kí n lọ pọn omi tí yóò kún àmù náà padà, fúnra mi, kí n fi orí ara mi rù ú, láti odò Ọ̀ṣun.

Ní ìlú wa, àgbàlagbà ọkùnrin tó ní ìyàwó nílé kì í ru ìṣà omi kọjá lójú ọjà. Mo ní kó dá ẹjọ́ mìíràn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Òmíràn wà," ló wí. "Ẹní rẹ rèé, o ti dì í. Máa lọ sóko rẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní dá ọ dúró."

Mo wo ìyàwó mi. Ó ti ń ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí n lọ, pé ó kàn ń fi ẹnu lásán sọ ọ́ ni. Mo na ọwọ́, mo ní, "Ta ló ní òṣùká níbẹ̀?"

Ariwo tí wọ́n pa, ó dá mi lójú pé wọ́n gbọ́ ọ ní ìlú Awo lọ́hùn-ún.

Gbogbo wọn ló sìn mí lọ sódò. Àwọn àgbà ọkùnrin tó jókòó ní ẹ̀bá mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń dúró de ìrun ọ̀sán, rí mi nígbà tí mo ń bọ̀. Ọ̀kan pariwo pé, "Ṣé ìjọba ti wá sọ yín di ìyàwó ilé ni?" Ìyálé kò jẹ́ kó parí ẹ̀rín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣé ká yà wo àmù tiyín?" Gbogbo wọn rántí tẹ̀sùbáà wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ìgbà tí mo dáyé, n kò mọ bí omi ṣe wúwo tó. Ọrùn mi ń gbọ̀n, omi ń dà sí mi lójú, ó ń wọ inú etí mi, ó ń ṣàn gba ẹ̀yìn mi lọ. Ìyálé ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ìṣà tirẹ̀. Kò fọwọ́ dì í mú, ẹ̀kán kan kò sì dà. Àwọn yòókù ti ṣáájú wa.

"Ìyá," mo wí, "ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

Ó gun òkè kékeré tó wà níwájú wa tán, ó sì dúró dè mí.

"Omi ọjọ́ yẹn, tí o fi gbé mi dé kóòtù. Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, ìyá."

"Mo mọ̀. Mo ti rí wọn kí o tó dé. Odò ni mi ò fẹ́ padà lọ." Ó rìn díẹ̀ sí i. "Ìgbà tí ibà pa àkọ́bí mi, ẹnikẹ́ni ò tíì wá sọ fún wa pé inú omi ló ti ń wá. Iṣẹ́ tó dáa ni iṣẹ́ rẹ. Ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ da omi nù yẹ kó ti ru ú rí. Rìn dáadáa, ọkọ mi, o ti da ìdajì rẹ̀ sílẹ̀."

Ọ̀gá dókítà yìn mí ní Òṣogbo, n kò tilẹ̀ rántí gbogbo ohun tó sọ mọ́. Ti ìyálé yìí, mo rántí rẹ̀ pátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbáwí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó pe iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe ní iṣẹ́ tó dáa, ó sì tún pè mí ní ọkọ rẹ̀.

Ohun tó kù nínú ìṣà kò bo ìdí àmù. Mo padà lọ. Mo tún padà lọ. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, àmù ti kún, èmi sì nà gbalaja sórí ẹní tí mo ti dì, tí mo tún wá tú, ìyàwó mi sì ń fi òrí pa ọrùn mi.

"Ṣé ẹ ṣì ń lọ sóko lọ́la?" ló béèrè.

"Pẹ̀lú ọrùn wo?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bu òrí sí i.