Yàrá Ẹ̀yìn Tí Kò Sí Ẹni Tó Ń Sùn Níbẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí omi inú garawa ṣì máa ń dà sí mi lára tán kí n tó délé, ìjọ tiwa nìkan ni kì í pariwo ní gbogbo ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé. Ìjọ Kuéka ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ojúgbà mi tí ẹ dàgbà sí Àkúrẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, kò sí àlùfáà tó ń làágùn níwájú. Bẹ́ǹṣì onípákó la máa ń tò kọjú síra wọn, a ó jókòó, a ó sì dákẹ́. Ẹni tí Ẹ̀mí bá sún á dìde, á sọ gbólóhùn díẹ̀, á tún jókòó. Bí Ẹ̀mí ò bá sún ẹnikẹ́ni, a ó wà bẹ́ẹ̀ títí Bàbá Akọ̀wé á fi bọ ẹni tó jókòó tì í lọ́wọ́. Ìgbà náà ni gbogbo wa á bọ ara wa lọ́wọ́, ìsìn parí nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò sọ ilé ìjọsìn wa ní Ulé Adákẹ́. Bí mo bá ń pọn omi kọjá, àwọn ọmọ wọn á fi ìka dí ẹnu, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá Akọ̀wé yìí ló mú ìjọ náà wá. Ọmọ Oǹdó ni, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ìlú òyìnbó ló sì ti bá wọn pàdé nígbà tó lọ kàwé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ọmọ jòjòló ń sùn nítòsí ni. Ìyá mi fẹ́ràn ìjọ náà gan-an. Ó ní níbẹ̀ nìkan ni òun ti máa ń gbọ́ èrò ara òun láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Èmi àti Bùsọ́lá àbúrò mi, èékánná ìyá wa la máa ń gbọ́ ní tiwa. Bí o bá mira, á já ọ léèékánná lábẹ́ itan, níbi tó dùn ún já jù, ojú rẹ̀ á sì wà ní dídì bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. O ò sì gbọdọ̀ ké. Níbo lo ti fẹ́ ké ní Ulé Adákẹ́?

Àwọn ọdún yẹn le o. Ẹ̀yin náà rántí. Búrẹ́dì di ohun tí à ń wò lójú fèrèsé, ṣúgà di nǹkan ọlọ́rọ̀, gàrí la máa ń fi omi àti iyọ̀ mu. Tíṣà ni ìyá mi, oṣù á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, kò sí owó oṣù. Ní ìjọ mìíràn, ìlù á bo ariwo ikùn mọ́lẹ̀. Ní tiwa, gbogbo ìjọ ló máa ń gbọ́ ẹni tí kò jẹun. Ikùn Bùsọ́lá a máa kùn gan-an, á wá wojú mi, ẹ̀rín á fẹ́ pa àwa méjèèjì, èékánná á sì tún dé.

Lẹ́yìn tí a bá ti bọ ara wa lọ́wọ́ ni Bàbá Akọ̀wé máa ń ka àwọn ètò tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni àwa ọmọdé ti máa ń na etí. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó lọ roko gbágùúdá ìjọ ní Ilu-Abo. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a ó se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó lọ kí àwọn ará wa ní Oǹdó. Ẹ̀wà yẹn lèmi fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ tó ń fi ìka dí ẹnu sí wa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń dé pẹ̀lú abọ́ wọn, tòun ti kòkòrò inú rẹ̀ la sì jọ máa ń jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi wá ṣẹ̀sín bí abọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ìjọsìn náà, yàrá kan wà. Torí àlejò tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àlejò kankan kò wá rí. Ibùsùn onígi wà níbẹ̀, fóòmù tí wọn ò tíì bọ́ ọ̀rá rẹ̀ wà lórí rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí igi máńgòrò. Èmi àti Bùsọ́lá la máa ń gbá a ní Sátidé. Mo máa ń gbálẹ̀, Bùsọ́lá á sùn sórí fóòmù, ọ̀rá á máa dún lábẹ́ rẹ̀, á ní, "Àǹtí mi, ẹ má jí mi, àlejò ni mí."

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ta ilé tí à ń gbé. Ẹni tó rà á fẹ́ wó o kọ́ ilé epo, ó ní kí gbogbo ayálégbé kó jáde kí ọyẹ́ tó dé. Ìyá mi wá ilé títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Opó tí kò gba owó oṣù, ta ló fẹ́ fún un nílé? Ó wá lọ bá Bàbá Akọ̀wé, ó ní ṣé ìjọ lè gba àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàyè ní yàrá ẹ̀yìn, òun á máa tọ́jú ilé ìjọsìn. Bàbá ní ọ̀rọ̀ náà dára lójú òun, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ni ìjọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìṣe wọn fún yín. Kuéka kì í dìbò. Wọn kì í ní kí àwọn tó pọ̀ jù borí àwọn tó kéré. Bí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, gbogbo wọn á dákẹ́ lé e lórí títí ọkàn gbogbo wọn á fi ṣọ̀kan. Bí ọkàn ẹnì kan ṣoṣo kò bá balẹ̀, ó di oṣù tó ń bọ̀. Ìṣe tó dára ni, mi ò sọ pé kò dára. Ẹni tí òjò ń pa ni kì í rójú dúró dè é.

Ní ìpàdé oṣù yẹn, gbogbo ènìyàn ló gbà, àfi Bàbá Ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ ló ti wá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, òun ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn sí. Ó dìde, ó ní, "Mi ò kọ̀ o. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀." Ẹ̀rù ń bà á pé bí ẹnì kan bá wọlé, ẹlòmíràn á tẹ̀ lé e, ilé Ọlọ́run á di ilé àyágbé. Bàbá Akọ̀wé mi orí. Ó ní, "Sùúrù ni baba ìwà. Ẹ jẹ́ ká dúró de Ọlọ́run." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ọ̀wọ̀ kan náà ru iṣu wá fún wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìyá mi, ó ní kó má bínú. Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìkà ni, ǹ bá ti rí ẹni ṣépè fún.

Oṣù kejì ni ohun tí mi ò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ onílé tuntun ti wá ṣí páànù ilé ìdáná wa lọ. Ìyá mi kó ìkòkò wọlé, ó wọṣọ, ó mú wa lọ sí ìsìn. Lẹ́yìn ìsìn, ìpàdé bẹ̀rẹ̀, wọ́n dárúkọ ọ̀rọ̀ yàrá náà, gbogbo wọn sì dákẹ́ lé e lórí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ìyá mi. Kò ké, kò nu ojú. Ó ń dà sí àyà aṣọ rẹ̀ ṣáá. Mo jókòó tì í, mo mọ̀ pé páànù ló ń sunkún lé lórí. Àwọn yòókù wò ó, ojú wọn rọ̀. Bàbá Akọ̀wé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ní, "Ẹ̀mí wà láàárín wa. Ẹ má dà á láàmú."

Háà! Ẹ gbọ́ mi. Àwọn tó fẹ́ràn wa, àwọn tó mọ orúkọ wa, wọ́n rí obìnrin tó ń sunkún nítorí ilé, wọ́n ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Arábìnrin, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún tirẹ̀, ayọ̀ ló ní ó ń ṣe òun. Bàbá Ọ̀wọ̀ ní níwọ̀n bí Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kò yẹ ká kánjú. Wọ́n tún sún un síwájú. Àwọn àgbà ní adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Ìyá mi ò fọhùn. Nígbà tí mo dàgbà mo bi í léèrè, mo ní, "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò pariwo?" Ó ní, "Bí wọ́n bá gbà torí ariwo mi, ṣé a lè sọ pé Ọlọ́run ló gbà?" Inú bí mi dé ibi tí mo fi dìde kúrò níbẹ̀.

Ètò tó ń bọ̀ tí Bàbá Akọ̀wé kà lọ́jọ́ náà ni àbẹ̀wò sí Oǹdó. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, ìyá mi fọ gbogbo aṣọ Bùsọ́lá, gbogbo rẹ̀ o, ó sì dì wọ́n sínú báàgì. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni. Bọ́ọ̀sì tí ìjọ háyà gbé wa kọjá odò Ọ̀wẹ̀nà, àwa ọmọdé ń pariwo, torí inú bọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ti máa ń fi wá sílẹ̀ ká pariwo. Àgbàlá Ìyá Oníbúrẹ́dì ni àwọn ará Oǹdó ti máa ń jọ́sìn. Opó lòun náà, kò bímọ, ó sì ní ààrò búrẹ́dì tirẹ̀. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná bò wá mọ́lẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ ìsìn, kò sí ọmọ tó lè ronú nípa Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìn, ó gé e fún wa ní gbígbóná, ó gbé Bùsọ́lá sórí itan, ó sì ń fi bọ́tà sí i fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí a fẹ́ padà, Bùsọ́lá kò wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Títí a ó fi rílé ni o. Mò ń bọ̀ wá mú ọ." Bùsọ́lá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, mà," ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì. Kò tilẹ̀ sunkún. Ó ń juwọ́ sí wa bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Èmi ni mo sunkún títí a fi dé Àkúrẹ́. Àti pé, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mo sunkún torí búrẹ́dì náà pẹ̀lú.

Èmi àti ìyá mi kó lọ sí Oda, sọ́dọ̀ tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, orí ẹní ní pálọ̀ wọn la ń sùn. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Oṣooṣù ni wọ́n ń dákẹ́ lé ọ̀rọ̀ wa lórí. Ìgbà tí iṣu tuntun ti dé ọjà ni Bàbá Ọ̀wọ̀ tó dìde, tó ní, "Ọkàn mi ti balẹ̀." Ẹ wá wo ayọ̀! Wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Bàbá Akọ̀wé ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Lóòótọ́ ló pe baba o, àmọ́ ẹni tó ń pè ti kúrò nítòsí.

A kó wọ yàrá ẹ̀yìn. Ìyá mi bọ́ ọ̀rá lára fóòmù, ó tẹ́ aṣọ sí i, ó sì fi ojú wọn ibi tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sùn. Lọ́jọ́ kejì, a lọ mú Bùsọ́lá. Ó ti ga, ó ti sanra, èdè Oǹdó ló ń sọ. Nígbà tó rí wa, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà," bí wọ́n ṣe máa ń kí àlejò. Nígbà tí ìyá mi ní kó lọ kó aṣọ rẹ̀, ó sá lọ di ìró Ìyá Oníbúrẹ́dì mú, ó ń ké pé, "Màámi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ." Ojú ti obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní ìyá rẹ nìyí. Ọmọ náà ò gbọ́.

Ìyá mi lè fi agbára gbé e. Òun ló bí i, ta ló fẹ́ dá a lẹ́kun? Ṣùgbọ́n ó dúró, ó wò ó, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. A kì í fi ipá mú ọkàn. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, á wá." Ohun tí wọ́n ṣe fún un gan-an ló ṣe fún ọmọ rẹ̀. Ó ń lọ kí i lọ́dọọdún, ó ń dúró de ọkàn Bùsọ́lá. Kíláàsì kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. "Màmá Àkúrẹ́" ni Bùsọ́lá ń pè é títí.

Lóde òní, ẹ̀rọ agbóhùnsókè ò jẹ́ kẹ́nì kan sùn ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé mọ́. Àwọn Kuéka ṣì wà níbẹ̀, wọn ò pọ̀, Bàbá Akọ̀wé àti Bàbá Ọ̀wọ̀ ti lọ sinmi. Mo gbọ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ wọn báyìí, oníkálùkù á tẹ àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́, ó parí. Láyé ìgbà yẹn, a ní sùúrù, a ò ní oúnjẹ. Nísinsìnyí, oúnjẹ wà níwọ̀nba, sùúrù ti tán, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n sọkún rẹ̀. Èmi ti lọ sí ìjọ tí wọ́n ti ń ké. Bí wọ́n bá ní ká gbóhùn sókè, kì í sẹ́ni tó ń ké tó mi.

Ìyá mi kò kúrò ní yàrá ẹ̀yìn títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá. Bùsọ́lá ti Oǹdó wá pẹ̀lú ọkọ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe, ó náwó, ó sunkún, ó kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà. Nígbà tó yá, àwọn ìyá ìjọ ní kó lọ mú ìró tí a ó fi bo òkú wá nínú yàrá ìyá wa. Ó gbéra, ó tún padà wá bá mi. Ó rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, yàrá wo ni wọ́n máa ń sùn sí?"